Àwọn Tí Wọ́n Ní Kí Wọ́n Lọ Rọ́kún Nílé

Bí ọmọkùnrin kan bá fi ìbínú la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ní kọ́ọ̀tù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n níbikíbi ní Abẹ́òkúta, orúkọ tí àgbàlagbà tó bá wà nítòsí yóò kọ́kọ́ fi bá a wí ni ti Hakeem Ọlájùwọ́n. Wọn yóò ní ṣé bí Hakeem ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó ní 1963, tó ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì tó sì tún ń gbá bọ́ọ̀lù, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Gbogbo rẹ̀ ni òótọ́ àfi èyí tó gbẹ̀yìn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1986, nínú eré karùn-ún láàárín Houston Rockets àti Los Angeles Lakers, rẹfirí lé Hakeem jáde nítorí pé òun àti Mitch Kupchak ti Lakers wọ̀yá ìjà. Ìgbà tí ó ti wọlé lọ ni Ralph Sampson ju bọ́ọ̀lù tó gbé Houston dé àṣekágbá. Ní 1992 ẹ̀wẹ̀, àwọn aláṣẹ ikọ̀ náà fẹ̀sùn kàn án pé ó ń díbọ́n pé iṣan ẹsẹ̀ ń dun òun nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wọn, wọ́n ní kí ó lọ rọ́kún nílé, òun náà sì ní kí wọ́n ta òun fún ikọ̀ mìíràn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó gba ife ẹ̀yẹ, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní líìgì. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń mẹ́nu ba 1986 tàbí 1992 mọ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ẹni iyì lórúkọ jẹ́. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti Amẹ́ríkà, ṣe ń pín ènìyàn sí ọ̀nà méjì: ẹni tí awuyewuye yóò máa tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ títí láé, àti ẹni tí wọn yóò wẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Èrò tèmi ni pé ẹ̀ṣẹ̀ tí kámẹ́rà bá rí nìkan ni líìgì náà mọ bí a ṣe ń kà. Ẹ̀ṣẹ̀ agbábọ́ọ̀lù sì ni kámẹ́rà sábà máa ń rí, nítorí pé ìṣẹ́jú kan ni tirẹ̀ fi ń ṣẹlẹ̀, níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ti akọ́nimọ̀ọ́gbá a máa gbà tó ọdún púpọ̀, inú ilé ni, orúkọ tí a sì ń pè é ni ìtọ́ni.

Mo máa ń jókòó ti tábìlì àwọn akọ̀wé eré nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń figagbága lọ́jọ́ Sátidé ní kọ́ọ̀tù oníkọnkéré kan ní apá Ìbarà, nítorí náà ìwé tí a fi ń ṣírò ayò kì í ṣe àjèjì sí mi. Lábẹ́ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ìlà kan wà fún akọ́nimọ̀ọ́gbá, a sì ní lẹ́tà tí a ń kọ síbẹ̀ bí òun náà bá rú òfin: C bí ó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló hùwà àìtọ́, B bí wàhálà náà bá ti orí bẹ́ńṣì wá. Bí C bá ti pé méjì, ó di dandan kí ó kúrò ní kọ́ọ̀tù. Ti agbábọ́ọ̀lù ni T. Ẹni tó bá tú àwọn ìwé tí a ti kọ sílẹ̀ wò yóò rí T káàkiri, ṣùgbọ́n ìlà akọ́nimọ̀ọ́gbá máa ń funfun báláú, kì í sì í ṣe torí pé àwọn ọ̀gá náà jẹ́ ẹni mímọ́. Púpọ̀ nínú àwọn rẹfirí wa ló jẹ́ pé ọwọ́ àwọn kóòṣì wọ̀nyí náà ni wọ́n ti kọ́ eré. Ta ni yóò fọn fèrè lé ọ̀gá rẹ̀ jáde níṣojú èrò, tí yóò tún wá dọ̀bálẹ̀ kí i lọ́jọ́ Mọ́ńdè?

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ jẹ́ kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Kóòṣì rẹ̀ dìde lórí àga oníke, ó sì pariwo débi pé àwọn tó ń ra bọ̀ọ̀lì lẹ́yìn ògiri yọjú: “Ìwọ màlúù yìí! Ṣé ìyá rẹ tó ń ta fùfú ní Láfẹ́nwá ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù dání ni?” Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó sì sá padà sí ààyè rẹ̀. Eruku kọnkéré ti funfun sí i lórí ìgúnpá, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tí rẹfirí tún fọn fèrè sí i, ó ju bọ́ọ̀lù náà lu ògiri. T ni rẹfirí ní kí n kọ síwájú orúkọ rẹ̀, T náà ni mo kọ. Nígbà tí eré dé ìdajì, kóòṣì náà wá bu omi mu nídìí tábìlì wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i pé àwọn ọmọ ayé òde òní ò ní ìtẹríba?” Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Owó àpò rẹ̀ ló fi ń ra bàtà fún díẹ̀ nínú àwọn ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí fara pẹ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi ìgbáradì Golden State Warriors ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1997, bí kò ṣe pé ẹni tí wọ́n ń pariwo mọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ọmọdé, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kí ó má bínú. Latrell Sprewell ni ìràwọ̀ ikọ̀ náà. P.J. Carlesimo, akọ́nimọ̀ọ́gbá tí gbogbo líìgì mọ̀ pé ariwo rẹ̀ kì í dákẹ́, ní bọ́ọ̀lù tí Sprewell ń jù sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lágbára tó. Sprewell ní òun kò sí nínú ìrònú ariwo lọ́jọ́ náà, kí ó jìnnà sí òun. Carlesimo kò jìnnà. Sprewell fún un lọ́rùn títí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi fà á kúrò, ó wọlé lọ, ó sì tún jáde wá ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà láti ju ẹ̀ṣẹ́ sí i. Ìpadàwá yẹn ni n kò lè gbè é lẹ́yìn lé lórí. Inú lè bí ènìyàn lójijì kí ó ṣe ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jókòó fún ogún ìṣẹ́jú ti rò ó.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ló wá di àríyànjiyàn ńlá. Ikọ̀ rẹ̀ fa ìwé àdéhùn rẹ̀ ya, pẹ̀lú mílíọ̀nù dọ́là 23.7 tó kù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, líìgì ní kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko. Ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù pe ẹjọ́ lórí rẹ̀, John Feerick, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Fordham tí wọ́n fi ṣe onílàjà, sì ní ìyà náà ti pọ̀ jù: ní oṣù Kẹta ọdún 1998, ó dá àdéhùn rẹ̀ padà fún un, ó sì dín ìjìyà náà kù sí eré 68. Síbẹ̀, mílíọ̀nù dọ́là 6.4 ni Sprewell pàdánù. Ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe ní iye: iye eré, iye owó, iye oṣù. Kí wá ni iye ti Carlesimo? Ṣáájú ìgbà náà, nígbà tó wà ní Portland, òun àti Rod Strickland kò gbọ́ra wọn yé rárá, Strickland ni wọ́n sì tà lọ sí Washington ní 1996. Kò sí ìlà kankan nínú ìwé òfin NBA fún akọ́nimọ̀ọ́gbá tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń bá a jà láti ìlú dé ìlú.

N kò sọ pé ẹni tó bá ń pariwo yẹ kí wọ́n fún lọ́rùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọjọ́ náà kò dọ́gba. Sprewell lọ sí New York Knicks, ó sì wà lára àwọn tó gbé ikọ̀ tó ṣe ipò kẹjọ ní apá Ìlà-Oòrùn dé àṣekágbá ní 1999, níbi tí San Antonio Spurs ti borí wọn. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, ọrùn Carlesimo ni gbogbo ènìyàn ń rántí. Ní 2004, ó kọ mílíọ̀nù dọ́là 21 tí Minnesota fi lọ̀ ọ́, ó ní òun ní ẹbí tí òun ń bọ́, ayé fi rẹ́rìn-ín (èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò ní parọ́), sáà tó tẹ̀lé e sì ni ó gbá kẹ́yìn. Carlesimo ní tirẹ̀ di igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ní San Antonio yẹn náà, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gba ife ní 2003, 2005 àti 2007, ó tún di ọ̀gá ní Seattle, àti fún ìgbà díẹ̀ ní Brooklyn. Ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ọn rí.

Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn ti Sprewell, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ní ibi ìgbáradì Golden State yìí kan náà, Draymond Green fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Jordan Poole, lulẹ̀. Fídíò rẹ̀ jáde síta láìjẹ́ pé ikọ̀ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ Green, ó kúrò láàárín wọn fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì gbá eré àkọ́kọ́ sáà náà. Poole ni wọ́n tà ní ọdún tó tẹ̀lé e. Nígbà náà, Green ti gba ife ẹ̀yẹ mẹ́rin fún wọn, ẹni tí ó lù sì jẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀gá. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí líìgì náà ń díwọ̀n nígbà tí ó bá ń dá ìjìyà, kí ó gbé ọjọ́ méjèèjì yìí síra wọn. Lẹ́yìn èyí ni Green fi apá fún Rudy Gobert lọ́rùn ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, níṣojú kámẹ́rà, eré márùn-ún ni wọ́n sì fi dá a dúró. Ó gbá Jusuf Nurkić lójú ní oṣù tó tẹ̀lé e, ti ìyẹn sì di eré méjìlá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà nítorí àwa tí a wà níbí. Eré NBA kì í sábà bẹ̀rẹ̀ kó tó di òru ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòran tó wà ní Pánṣẹ́kẹ́ kò mọ̀ ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹni tí kò bá ní dátà tí ó lè fi sòfò láago méjì òru, fídíò kéékèèké tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní àárọ̀ ló máa rí. Ìjà ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Mo mọ àwọn tó lè ṣàlàyé bí Green ṣe lu ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí wọn kò sì tí ì rí i kí ó dènà fún odidi ìdá mẹ́rin eré rí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìdènà yẹn gan-an ni ìdí tí Golden State kò fi lè lé e lọ.

Ti Ron Artest yàtọ̀, ó sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé orí tábìlì àwa akọ̀wé eré ló ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ní Auburn Hills ní ìpínlẹ̀ Michigan, Indiana Pacers ti ń na Detroit Pistons ní 97 sí 82, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 45.9, Artest, tó wà ní Indiana, sì rú òfin sí Ben Wallace ti Detroit, ìyẹn tì í dànù, gbogbo wọn gbá yìì. Artest fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó lọ nà gbalaja sórí tábìlì àwọn akọ̀wé, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn oníròyìn sétí. Ó jọ pé ó fẹ́ kí ara òun rọlẹ̀ ni. Òǹwòran kan ju ife ohun mímu lù ú láyà. Ó fò wọ àárín èrò, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá mú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì di rògbòdìyàn. David Stern, ọ̀gá àgbà líìgì, ní Artest kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ fún gbogbo ohun tó kù nínú sáà náà. Eré 86 ni ó padà jẹ́ pẹ̀lú ti ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Stephen Jackson, gba 30. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Stern bóyá gbogbo ìgbìmọ̀ ló fẹnu kò, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbò kan sí òdo. Òun nìkan ni adájọ́.

Ẹni tó bá dàgbà sí Abẹ́òkúta mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa yóò sọ nípa Artest: wọn yóò ní ó ti tó gbé lọ Àrò. Ẹ̀sín ni wọ́n máa ń fi ṣe, ṣùgbọ́n Àrò yẹn gan-an ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí ìlú yìí, ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí àwọn aláìsàn fi ń gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń padà sáàárín ènìyàn lálẹ́. Òkìkí ètò náà kàn ká ayé. Ìlú tó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó tètè lóye ohun tí Artest ṣe ní oṣù Kẹfà ọdún 2010, nígbà tí òun àti Lakers gba ife, tí wọ́n sì na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu: ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, níṣojú gbogbo ayé, láìtijú. Lẹ́yìn náà ó yọ̀ǹda òrùka ẹ̀yẹ rẹ̀ kí wọ́n fi ta tíkẹ́ẹ̀tì, owó rẹ̀ sì lọ sí ìtọ́jú ọpọlọ. Nínú gbogbo àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, òun nìkan ni mo rí tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe é. Eré 86 kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Larry Brown ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Detroit lọ́jọ́ rògbòdìyàn náà. Òun kan náà ló wà ní Philadelphia ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002 nígbà tí Allen Iverson, ìràwọ̀ ikọ̀ náà, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, tó ń tún ọ̀rọ̀ ìgbáradì pè léraléra títí ayé fi sọ ọ́ di àwàdà. Ní ibi ìjókòó yẹn náà ni Iverson ti sọ pé òun pàdánù ọ̀rẹ́ òun tímọ́tímọ́, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2001. Fídíò tó ń kiri kì í ní apá yẹn nínú.

Mahmoud Abdul-Rauf, agbábọ́ọ̀lù NBA mìíràn, kò lu ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 1996, ó kọ̀ láti dìde fún orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀, líìgì dá a dúró fún eré kan, wọ́n sì jọ gbà pé kí ó máa dìde kí ó sì máa gbàdúrà. Hakeem, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, kò fara mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀sìn náà ní kí ènìyàn bọ̀wọ̀ fún òfin ilẹ̀ tí ó ń gbé. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn Álífáà tó ń bá wa wo eré, ìdajì máa ń gbè sẹ́yìn ọ̀kan, ìdajì sẹ́yìn èkejì, mo sì máa ń fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Hakeem ni mo fẹ́ padà sí, nítorí ẹni tí Houston fi ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá ní oṣù Kejì ọdún 1992, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kí ìjà owó yẹn tó bẹ́ sílẹ̀. Rudy Tomjanovich ni. Nígbà tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejìlá ọdún 1977, ó sáré lọ síbi tí ìjà ti ń ṣẹlẹ̀, Kermit Washington ti Lakers sì yí padà, ó fi ẹ̀ṣẹ́ fọ́ ọ lójú débi pé egungun orí rẹ̀ sán, omi ọpọlọ sì ń jò. Washington jìyà eré 26, ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là, ìkórìíra àwọn òǹwòran kò sì kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tí ìbínú ẹlòmíràn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa yìí ló wá bá Hakeem tó ń bínú. Kò sọ ọ́ di ogun. Wọ́n jọ gba ife ní 1994 àti 1995. Èrò mi, tí ẹnikẹ́ni lè bá mi jiyàn lé, ni pé bí ó bá jẹ́ pé aláriwo ni wọ́n gbé fún Hakeem lọ́dún náà, orúkọ rẹ̀ kò ní jẹ́ ohun tí a fi ń bá ọmọdé wí ní Ìbarà.

Houston náà ni Ime Udoka ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá báyìí. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbá bọ́ọ̀lù fún D’Tigers, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ní ìdíje àgbáyé ọdún 2006 ní Japan, nítorí náà a gbé e sórí bí ọmọ ilé nígbà tó gbé Boston Celtics dé àṣekágbá ní 2022, ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Boston ní kí ó lọ rọ́kún nílé fún odidi sáà kan nítorí pé ó tẹ òfin ikọ̀ náà lójú. Ìròyìn ní ọ̀rọ̀ náà jẹ mọ́ ìbáṣepọ̀ tí kò tọ́ pẹ̀lú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀nba ni ikọ̀ náà sọ síta. Joe Mazzulla bọ́ sípò rẹ̀, ó sì gba ife ní 2024. Udoka kò rọ́kún pẹ́: ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, kí sáà ìjìyà náà tó parí pátápátá, Houston ti gbà á síṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí, lẹ́yìn eré Sátidé kan, àwọn kóòṣì wa jókòó sábẹ́ ibòòji, wọ́n ń jiyàn bóyá kí Nàìjíríà fi Udoka ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá D’Tigers bí ó bá gbà. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ètò ìdènà rẹ̀, nípa bí àwọn ọmọdé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe ń bẹ̀rù rẹ̀, nípa owó tí ìjọba kò ní lè san. Ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu ba obìnrin yẹn. Nígbà tí èmi béèrè bóyá iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé n kò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, eré 52 ni Houston borí nínú 82 ní sáà 2024 sí 2025.”